Ogbe àti Òṣùṣù Ìyẹ́ Orí Adìẹ Ìbílẹ̀ ní Agbègbè Yewa: Àlàyé lórí Bí Adìẹ Ṣe Ń Jogún Wọn

Ìfáàrà

Ogbe ni Yorùbá ń pe ẹran pupa tí ó wà lórí àkùkọ àti àgbébọ̀ adìẹ. Nínú àlọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ti gbọ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rò pé iná ni ogbe àkùkọ, kò sì súnmọ́ ọn títí di ọjọ́ tí ó fọwọ́ kàn án, tí ó rí i pé kò jó òun. Ewéko kan wà tí wọ́n ń pè ní ogbe-àkùkọ pẹ̀lú, tí òdòdó rẹ̀ tò sórí ẹ̀ka tí ó tẹ̀ kọ́rọ́. Nínú àlọ́ àti nínú orúkọ ewéko yìí bákan náà, ó dà bí ẹni pé irú ogbe kan ṣoṣo ni ó wà láyé, èyí tí ó dúró ṣánṣán láàárín orí, tí etí òkè rẹ̀ sì rí bí eyín ayùn. Òun náà ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo adìẹ inú agboolé ní Ìlaròó, ní Ayétòrò, tàbí ní àwọn ìletò tí ó wà lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti Bìní, yóò rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ogbe adìẹ mìíràn tẹ́ pẹrẹsẹ, ti òmíràn wú kókó-kókó, àwọn mìíràn sì wà tí ìyẹ́ orí wọn gùn tí ó dì jọ bí òṣùṣù ọwọ̀ kékeré.

Ète bébà yìí ni láti ṣàlàyé ọ̀nà tí adìẹ ń gbà jogún àwọn àbùdá wọ̀nyí, àti láti dáhùn ìbéèrè kan tí àlàyé náà gbé dìde. Ìwádìí ti fi hàn láti ìgbà pípẹ́ pé àwọn ogbe tí kò wọ́pọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n máa ń borí ogbe eléyín bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú adìẹ kan. Síbẹ̀, ogbe eléyín ni ó wà lórí adìẹ tí ó pọ̀ jù. Báwo ni èyí tí a ń borí ṣe wá pọ̀ ju àwọn tí ń borí rẹ̀ lọ? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ èwo nínú àbùdá adìẹ ìbílẹ̀ ni ó lè parẹ́ nínú agboolé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ pa á rẹ́.

Àwọn àbùdá náà àti orúkọ wọn

Yorùbá ní orúkọ fún irú adìẹ kan tí ìyẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Òpìpì ni adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pé, pàápàá ìyẹ́ apá. Abólọ́rùn ni èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láìní ìyẹ́. Ní ti ogbe, orúkọ gbogbogbò ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Nítorí náà, orúkọ àpèjúwe ni bébà yìí yóò lò. Ogbe eléyín ni èyí tí ó rí bí ayùn, tí ìwé àwọn òyìnbó ń pè ní single. Ogbe pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń pè ní rose, fẹ̀, ó sì tẹ́, ara rẹ̀ kún fún ṣónṣó wẹ́wẹ́, ṣónṣó kan tí ó gùn díẹ̀ sì máa ń yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ogbe onílà mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní pea, kúrú, ilà mẹ́ta ni ó sì tò láti iwájú orí lọ sí ẹ̀yìn, tí ti àárín ga ju ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Ogbe oníkókó, walnut, wú bí kókó ara igi. Ó tún ku ogbe oníwo méjì, tí ó pín sí méjì bí ìwo ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní pọ̀ níhìn-ín.

Ó ṣòro díẹ̀ láti mọ irú ogbe tí adìẹ ní bí ó bá jẹ́ abo. Ogbe abo kéré, ó sì máa ń súnkì nígbà tí kò bá yé ẹyin. Ohun tí ó fa èyí ti di mímọ̀ láti 1849, nígbà tí Arnold Berthold ní Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì tẹ àkùkọ lọ́dàá, tí ó rí i pé ogbe wọn rọ. Nígbà tí ó dá kórópọ̀n padà sínú ikùn àwọn kan nínú wọn, ogbe tún yọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Họ́mónù ni ó ń sọ bí ogbe yóò ṣe tóbi tó. Irú tí ogbe náà jẹ́ ti wà lára òròmọdìẹ láti ọjọ́ tí ó ti fọ́ èèpo ẹyin. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ ọn lè fi ìka kan orí òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan kí ó sọ bóyá yóò ní ogbe pẹrẹsẹ tàbí eléyín.

Iṣẹ́ Bateson àti Punnett

Gregor Mendel tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀wà pea jáde ní 1866, ṣùgbọ́n ọdún 1900 ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù tó kà á sí. Ewéko ni Mendel lò, ọ̀pọ̀ ni kò sì gbà pé òfin tí ó rí nínú ẹ̀wà lè kan ohun ẹlẹ́mìí. William Bateson ní Cambridge mú adìẹ láti fi dán an wò, ogbe sì ni ọ̀kan nínú ohun tí ó wò. Ìròyìn tí òun àti Edith Saunders gbé jáde ní 1902 wà lára ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé òfin Mendel mú ẹranko pẹ̀lú. Ó yẹ láti rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀ yìí bí ohun tí ó jìnnà sí agboolé: orí adìẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kà á.

Kókó ohun tí wọ́n rí nìyí. Adìẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì fún jíìnì tí ó kan ogbe, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà tí òun náà bá sì fẹ́ bímọ, ẹyọ kan péré nínú méjèèjì ni ó ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí àkùkọ ogbe pẹrẹsẹ tí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ti pẹrẹsẹ bá gun abo ogbe eléyín, gbogbo ọmọ ni yóò ní ogbe pẹrẹsẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà kan ti eléyín wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Jíìnì ogbe pẹrẹsẹ ni aborí, ti eléyín ni afarapamọ́. Bí àwọn ọmọ yìí bá gun ara wọn, ogbe eléyín yóò tún yọ lórí ọmọ kan nínú mẹ́rin ní ìpíndọ́gba. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí láàárín ogbe onílà mẹ́ta àti eléyín, àfi pé ogbe onílà mẹ́ta tí ó ní ẹ̀dà kan ṣoṣo máa ń ga ju èyí tí ó ní méjì lọ díẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ṣẹlẹ̀ nígbà tí Bateson àti R. C. Punnett pa ogbe pẹrẹsẹ pọ̀ mọ́ onílà mẹ́ta. Àwọn ọmọ kò jọ baba, wọn kò jọ ìyá. Ogbe oníkókó ni gbogbo wọn ní. Nígbà tí àwọn oníkókó wọ̀nyí sì gun ara wọn, irú ogbe mẹ́rin ni ó yọ lórí ọmọ wọn. Nínú 16 ní ìpíndọ́gba, 9 jẹ́ oníkókó, 3 jẹ́ pẹrẹsẹ, 3 jẹ́ onílà mẹ́ta, 1 sì jẹ́ eléyín. Iye yìí ni ó fi hàn pé kì í ṣe jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń darí ogbe. Ojú ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: ní ojú ibi kìíní, adìẹ lè ní jíìnì pẹrẹsẹ tàbí kí ó má ní in, ní ojú ibi kejì, ó lè ní jíìnì onílà mẹ́ta tàbí kí ó má ní in. Adìẹ tí ó bá ní àwọn méjèèjì ni ó ń di oníkókó. Èyí tí kò ní ọ̀kankan ni eléyín. Kò sí jíìnì tí ó jẹ́ ti oníkókó fúnra rẹ̀. Ìpàdé àwọn méjì ni. Níbí yìí ni ìmọ̀ àjogúnbá ti kọ́kọ́ rí i kedere pé jíìnì méjì lè pawọ́ pọ̀ ṣe ohun tí ọ̀kankan nínú wọn kò lè dá ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú agboolé

Àpẹẹrẹ inú ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí adìẹ tí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Adìẹ agboolé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ogbe eléyín ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àkùkọ ogbe pẹrẹsẹ tí ènìyàn bá pàdé ní ọjà Ìlaròó, ó dájú dé ìwọ̀n gíga pé eléyín ni ọ̀kan nínú òbí rẹ̀, àti pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ti pẹrẹsẹ ni ó ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni abo ogbe onílà mẹ́ta. Bí irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ bá gun irú abo bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oníkókó nìkan ni yóò jáde. Irú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò wà lábẹ́ ìyá kan, ní ìlọ́po kan náà: ìdá kan nínú mẹ́rin oníkókó, ìdá kan pẹrẹsẹ, ìdá kan onílà mẹ́ta, ìdá kan eléyín. Ẹni tí ó bá rí òròmọdìẹ 12 lẹ́yìn ìyá kan, tí ogbe wọn kò bára mu, lè yára pinnu pé àkùkọ aládùúgbò ti fo ògiri. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àkùkọ kì í bọ̀wọ̀ fún ògiri. Ṣùgbọ́n baba kan àti ìyá kan tó láti bí gbogbo wọn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ogbe lè gbà jẹ́rìí gbe àkùkọ aládùúgbò lẹ́sẹ̀. Àkùkọ eléyín àti abo eléyín kò lè bí ọmọ ogbe pẹrẹsẹ tàbí onílà mẹ́ta, nítorí pé kò sí jíìnì aborí kankan nínú wọn tí wọn yóò fi jogún fún un. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá yọ lábẹ́ abo eléyín nínú ọgbà tí àkùkọ eléyín nìkan wà, baba rẹ̀ wà ní ibòmíràn. Ohun tí ó farapamọ́ lè yọ lójijì lẹ́yìn ìran púpọ̀. Ohun tí ń borí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo àríyànjiyàn bébà yìí dúró lé.

Ohun tí ó yí padà nínú jíìnì

Adìẹ inú igbó Éṣíà, tí ó jẹ́ baba ńlá adìẹ ilé, ogbe eléyín ni ó ní. Láti Éṣíà ni adìẹ ilé ti tàn kálẹ̀. Ní Kirikongo, ní ilẹ̀ Burkina Faso, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí egungun adìẹ tí ó ti lé ní 1,000 ọdún, èyí sì fi hàn bí adìẹ ti pẹ́ tó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, ogbe eléyín ni ti àtètèkọ́ṣe, àwọn yòókù sì jẹ́ àyípadà tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà nínú DNA, tí ọwọ́ ènìyàn sì tọ́jú.

Irú àyípadà tí ó jẹ́ ti di mímọ̀ láìpẹ́ yìí. Ní 2009, àwọn olùwádìí tí Leif Andersson ní Uppsala, ní ilẹ̀ Sweden, wà lára wọn fi hàn pé ogbe onílà mẹ́ta wá láti inú jíìnì SOX5: abala kan nínú rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí lẹ́tà DNA 3,200, ni ó ṣàdàkọ ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 20 sí 40. Ní 2012 ni ti ogbe pẹrẹsẹ hàn. Lórí kúrómósómù keje, abala kan tí ó gùn tó mílíọ̀nù lẹ́tà 7.4 ti dojú dé, bí ìgbà tí ènìyàn gé àárín okùn, tí ó yí i padà, tí ó sì tún un so mọ́ ibi tí ó wà. Ìyípadà yìí gbé jíìnì kan tí ń jẹ́ MNR2 lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí kò yẹ kí ó wà, jíìnì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ níbi tí ogbe ti ń hù nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ẹyin.

Ibi tí okùn náà ti gé ni ọ̀ràn wà. Ó gé jíìnì mìíràn, CCDC108, tí iṣẹ́ rẹ̀ kan àtọ̀ àkùkọ. Àkùkọ tí ó ní ẹ̀dà méjì ti ogbe pẹrẹsẹ kì í le bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, nítorí pé àtọ̀ rẹ̀ kò lè rìn dáadáa. Èyí tí ó ní ẹ̀dà kan kò ní ìṣòro yìí, ìṣòro náà kò sì kan abo rárá. Àwọn olùsìn adìẹ ti ṣàkíyèsí àìlera yìí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Oríṣi ogbe pẹrẹsẹ kan wà, tí kò wọ́pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, tí jíìnì àtọ̀ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Òun kò ní àléébù yìí.

Òṣùṣù ìyẹ́ orí

Ọ̀rọ̀ òṣùṣù ìyẹ́ yàtọ̀ sí ti ogbe, nítorí pé kì í ṣe pé ohun titun hù. Ìyẹ́ wà lórí gbogbo adìẹ, ṣùgbọ́n ìyẹ́ kúkúrú, tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Lórí olóṣùṣù, ìyẹ́ náà gùn, ó sì fẹ̀ bí ìyẹ́ ẹ̀yìn adìẹ. Nígbà tí ọmọ bá ń di ara nínú ẹyin, àwọn jíìnì kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún apá kọ̀ọ̀kan ibi tí ó wà: ìwọ ni orí, ìwọ ni ẹ̀yìn, ìwọ ni ìdí. Ọ̀wọ́ HOXC wà lára wọn, kò sì yẹ kí wọ́n gbóhùn ní orí. Ìwádìí tí ó jáde ní 2012 rí i pé HOXC8 ń ṣiṣẹ́ nínú awọ orí adìẹ olóṣùṣù. Iṣẹ́ mìíràn ní 2021 tọ́ka sí abala kékeré kan, tí kò tó 200 lẹ́tà, tí ó di méjì nínú HOXC10. Awọ orí, ní kúkúrú, ń hùwà bí ẹni pé ẹ̀yìn ni òun.

Jíìnì yìí pẹ̀lú ń borí, ṣùgbọ́n kò borí tán. Adìẹ tí ó ní ẹ̀dà méjì ní òṣùṣù tí ó kún ju ti ẹni tí ó ní ẹyọ kan lọ. Ti àkùkọ máa ń ní ṣónṣó, ó sì máa ń tú sẹ́yìn. Ti abo máa ń rí róbótó. Nínú àwọn ẹ̀yà adìẹ òyìnbó tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣà fún òṣùṣù ńlá, bíi Polish, egungun àtàrí máa ń wú sókè, ihò sì máa ń wà nínú rẹ̀. Charles Darwin ti kọ nípa irú àtàrí bẹ́ẹ̀ ní 1868. Òṣùṣù kékeré tí ó wà lórí adìẹ ìbílẹ̀ kò tó ti Polish, kò sì yẹ kí ẹni tí ó ní adìẹ olóṣùṣù kan ní Ayétòrò máa bẹ̀rù nítorí àtàrí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ láti kíyè sí ni pé òṣùṣù tí ó bo ojú kì í jẹ́ kí adìẹ tètè rí àṣá.

Òṣùṣù kì í ṣe ogbe, jíìnì wọn kò sì sí ní ojú kan náà. Adìẹ lè ní ogbe eléyín àti òṣùṣù pọ̀, tàbí pẹrẹsẹ àti òṣùṣù, tàbí kí ó má ní òṣùṣù rárá.

Ìdí tí ogbe eléyín fi pọ̀

Ní 2001, C. O. N. Ikeobi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí iye jíìnì ogbe àti ti ìyẹ́ ẹsẹ̀ nínú adìẹ ìbílẹ̀ Nàìjíríà, ogbe eléyín sì ni wọ́n rí jù. Ẹni tí ó bá ka èyí lẹ́yìn tí ó ti kọ́ òfin Mendel lè rò pé àṣìṣe wà. Kò sí àṣìṣe. Bíborí ń sọ ohun tí yóò hàn lára adìẹ kan tí ó ní ẹ̀dà méjì tí kò jọra; kò sọ nǹkan kan nípa iye adìẹ tí ó ní jíìnì náà nínú ìlú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣà wọ́n, tí àkùkọ gbogbo sì ń bímọ bákan náà, iye jíìnì kì í yí padà láti ìran dé ìran, yálà ó ń borí tàbí ó ń farapamọ́.

Kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Jẹ́ kí ó jẹ́ pé nínú adìẹ 1,000, 100 ní ogbe pẹrẹsẹ, 900 sì jẹ́ eléyín. Ìṣirò tí Hardy àti Weinberg fi lélẹ̀ ní 1908 yóò sọ pé nínú 100 pẹrẹsẹ wọ̀nyí, nǹkan bí 97 ni ó ní ẹ̀dà kan ṣoṣo, nǹkan bí 3 péré ni ó ní méjì. Èyí tún dáhùn ohun kan. Ó wu ènìyàn láti sọ pé àìlera àtọ̀ àkùkọ ni kò jẹ́ kí ogbe pẹrẹsẹ pọ̀; ṣùgbọ́n àkùkọ tí àìlera yìí ń bá jà kò tó nǹkan nígbà tí jíìnì náà bá ti ṣọ̀wọ́n. Àìlera náà lè dí i lọ́wọ́ láti gba gbogbo ilẹ̀. Òun kọ́ ni ó mú un wà ní ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí ó ṣeé gbà jù ni ìtàn: ogbe eléyín ni adìẹ ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù sì wọlé díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣà wọ́n sin. Ogbe eléyín tí ó tóbi tún wúlò nínú ooru, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ń kọjá nínú rẹ̀, ooru ara sì ń gba ibẹ̀ jáde. Abólọ́rùn ń rí irú àǹfààní yìí ní ọ̀nà mìíràn: ìyẹ́ ara rẹ̀ dín tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 bí ó bá ní ẹ̀dà kan jíìnì rẹ̀, ó sì dín tó nǹkan bí ìdá 40 bí ó bá ní méjì.

Bí àbùdá ṣe ń parẹ́

Jíìnì tí ń farapamọ́ ní ibi ìsádi. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ adìẹ 1 nínú 100 ni ó fi irú àbùdá bẹ́ẹ̀ hàn, nǹkan bí 18 mìíràn ni ó ń gbé jíìnì rẹ̀ kiri láìhàn. Ẹni tí ó pa ẹyọ kan náà jẹ kò tíì ṣe é ní nǹkan. Jíìnì aborí kò ní irú ibi ìsádi bẹ́ẹ̀. Adìẹ tí kò bá ní ogbe pẹrẹsẹ tàbí oníkókó lórí kò ní jíìnì pẹrẹsẹ nínú. Ọjọ́ tí adìẹ ogbe pẹrẹsẹ tàbí oníkókó ìkẹyìn bá kúrò nínú agboolé, jíìnì náà ti bá a lọ, kò sì sí ọmọ-ọmọ kankan tí yóò tún bí i padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti òṣùṣù ìyẹ́, ti abólọ́rùn, àti ti adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn, nítorí pé gbogbo wọn ni ó ń borí, yálà ó borí tán tàbí kò borí tán.

Àwọn adìẹ tí ó yàtọ̀ wọ̀nyí gan-an sì ni ojú ọlọ́jà kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Wọ́n wà lára adìẹ tí àwọn oníṣègùn àti àwọn ẹlẹ́bọ máa ń béèrè ní pàtó, ẹni tí ó bá sì ń wá adìẹ aláwọ̀ tàbí oníyẹ̀ẹ́ kan kì í gba òmíràn dípò rẹ̀. Olówó adìẹ kò jẹ̀bi. Owó ọmọ iléèwé lè wà lórí àkùkọ kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò mọ ẹ̀bẹ̀. Àkùkọ tí ó ní ẹ̀dà kan tí wọ́n tà lẹ́yìn tí ó ti fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, ọ̀nà kan nínú 16 ni pé kò fi jíìnì náà sílẹ̀ fún ọ̀kankan nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta, ọ̀nà kan nínú 8 ni. Lúkúlúkú sì ń bọ̀ nígbà ọyẹ́. Àrùn yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Newcastle, di mímọ̀ ní Nàìjíríà ní agbègbè Ìbàdàn láàárín 1952 àti 1953, ó sì ṣì ń gbá agboolé mọ́ ní alẹ́ díẹ̀ bí wọn kò bá gún adìẹ lábẹ́rẹ́. Nínú adìẹ 15, tí ẹyọ méjì péré ní òṣùṣù, tí mẹ́ta ṣẹ́ kù lẹ́yìn lúkúlúkú, oríire nìkan ni ó lè mú kí olóṣùṣù wà lára mẹ́ta náà.

Adìẹ àgírìkì ni ẹ̀kẹta. Àwọn tí wọ́n ń tà fún ẹyin àti ẹran, ogbe eléyín ni ó wọ́pọ̀ lórí wọn, wọn kò sì ní òṣùṣù. Bí olùsìn bá fi àkùkọ àgírìkì nìkan gun abo ìbílẹ̀ rẹ̀ kí ọmọ lè tètè tóbi, iye ogbe pẹrẹsẹ yóò máa dín sí ìlàjì ní ìran kọ̀ọ̀kan: láti 10 nínú 100 sí 5, láti 5 sí nǹkan bí 2 àbọ̀, lẹ́yìn náà ó ku díẹ̀ ju 1 lọ. Ìran mẹ́ta adìẹ kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn lòdì sí ìmúdára adìẹ. FUNAAB Alpha, tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta ṣe, ara adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n ì bá fi bẹ̀rẹ̀ bí adìẹ ìbílẹ̀ kò bá sí mọ́.

Ohun tí ó ṣeé ṣe

Ní Ayétòrò ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ wà, àárín àwọn agboolé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba owó púpọ̀: kíka adìẹ láti agboolé dé agboolé, kí wọ́n kọ irú ogbe, òṣùṣù àti ìyẹ́ ọrùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì tún padà kà wọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí jíìnì aborí ti ń hàn, ojú nìkan tó láti kà á. Kò sí ìdí láti gba ẹ̀jẹ̀ adìẹ.

Ní ti sísin wọn, ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú ogbe pẹrẹsẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe kan tí ó rọrùn láti ṣe. Yóò wù ú láti wá àkùkọ tí kò ní jíìnì eléyín kankan nínú, kí gbogbo ọmọ lè jẹ́ pẹrẹsẹ. Irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ ni ó lè ní àìlera àtọ̀, ìyá yóò sì sàba lórí ẹyin tí kò ní ọmọ nínú. Abo ni ó yẹ kí ó ní ẹ̀dà méjì. Àkùkọ kí ó ní ẹyọ kan. Gbogbo ọmọ wọn ni yóò ní ogbe pẹrẹsẹ síbẹ̀. Ìdajì àwọn àkùkọ inú ọmọ náà ni yóò ní ẹ̀dà méjì, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ó tó yan èyí tí yóò rọ́pò baba, kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan gun abo eléyín. Bí ẹyọ òròmọdìẹ eléyín kan bá yọ, ẹ̀dà kan ni àkùkọ náà ní, ó sì dára láti lò. Bí òròmọdìẹ mẹ́fà bá jáde tí gbogbo wọn jẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ̀dà méjì ni ó ní, nítorí pé ọ̀nà kan péré nínú 64 ni ó kù tí ìdánwò náà fi lè tan olùsìn jẹ. Àkùkọ yìí ni ó lè tà.